ChimeraX: sọ́fútíwíà tí mo fi ń mú kí himoglóbìn rìn lójú akẹ́kọ̀ọ́

Ẹni tó bá ń kọ́ni ní baiokẹ́mísírì mọ̀ pé àwòrán inú ìwé kì í tó. A ó ya himoglóbìn, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn, sójú pátákó, a ó fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mẹ́rin ya ẹ̀wọ̀n rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó ní, "Ó máa ń yí padà bó bá ti gba ọ́síjìn." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ padà fún wa nínú ìdánwò láìmọ ohun tó yí, ibi tó yí sí, àti ohun tí yíyí náà ń fà. UCSF ChimeraX, sọ́fútíwíà tó ń fi mólékù hàn lójú kọ̀ǹpútà, ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Mo ti ń lò ó láti ìgbà tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2020, mo sì fẹ́ sọ ohun tó dára nínú rẹ̀ àti ibi tó ti yẹ kéèyàn ṣọ́ra, pàápàá fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi láptọ́ọ̀pù ara yín ṣiṣẹ́, tí kò sí ẹni tó ń bá yín sanwó sọ́fútíwíà.

Yunifásítì California tó wà ní San Francisco ni wọ́n ti ṣe é, ní ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní RBVI. Àwọn yìí náà ló ṣe Chimera àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni fún olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, iléeṣẹ́ ìjọba àti ẹnikẹ́ni tí kò bá fi í pawó. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ fi ṣòwò ló máa san owó ìwé àṣẹ. Ó wà fún Windows, ó wà fún Mac, ó wà fún Linux.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kò so ẹnu mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá tẹ "open 2hhb" (2hhb ni orúkọ fáìlì himoglóbìn kan), á lọ gbé mólékù náà wá láti Protein Data Bank, àká mólékù orí íntánẹ́ẹ̀tì, á sì tọ́jú fáìlì rẹ̀ sínú àpótí Downloads lórí kọ̀ǹpútà mi. Bí mo bá tún tẹ àṣẹ kan náà ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò wọlé rárá, mólékù á ṣí. Ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ pẹ̀lú ti wà nínú ohun tí a gbà sórí kọ̀ǹpútà, kò sí pé a tún ń fi dátà wá a kiri. Nítorí náà, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dáa ni mo ti ń gbé gbogbo mólékù tí mo fẹ́ lò ní sáà náà wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ti dúró níwájú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wo àmì róbótó tó ń yí lójú síkírìnì, tí kò yé yí, á mọ ìdí tí mo fi fi èyí ṣáájú.

Láptọ́ọ̀pù tó ti gbó jù kò ní gbà á. Ó nílò OpenGL 3.3, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ya àwòrán, bí ẹ̀rọ yín kò bá sì ní in, àwòrán kò ní jáde dáadáa. Tèmi jẹ́ 8GB, kò ní káàdì gráfíìkì ọ̀tọ̀, himoglóbìn sì ń yí lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tó máa ń fà á sẹ́yìn ni òjìji. Àṣẹ "lighting soft" máa ń mú kí mólékù rẹwà, kí ihò inú rẹ̀ ṣókùnkùn, kí etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ti ń fà, ẹ tẹ "lighting simple", ẹ ṣe gbogbo iṣẹ́ yín tán, kí ẹ tó dá "soft" padà nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba fídíò sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ títẹ̀ yìí máa ń ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́rù. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì pọ̀ lókè síkírìnì, ìgbàkígbà tí ẹ bá sì tẹ ọ̀kan, ChimeraX á kọ àṣẹ tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ tó ń jẹ́ Log, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹ wo ohun tó kọ, ẹ tẹ òun náà fúnra yín nígbà mìíràn. Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ láìwo bọ́tìnì mọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dára, mo máa ń ṣà àwọn àṣẹ náà jọ sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .cxc. Fáìlì bíńtín ni, mo lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣí i á rí gbogbo ohun tí mo ṣe bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Nínú gbogbo sọ́fútíwíà tí mo ti lò fún ìkọ́ni, n kò tíì rí èyí tó rọrùn tó báyìí láti fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹni lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ohun tó gbé mi débẹ̀ gan-an, ìyẹn mímú kí mólékù ńlá rìn. Àṣẹ tó ń ṣe é ni "morph". Ẹ ó gbé mólékù kan náà wá ní ìdúró méjì. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi ìtànṣán X-ray tàbí máíkíróskóòpù elẹ́kítírọ́ọ̀nù rí ìdúró méjèèjì, wọ́n sì ti kó wọn pamọ́ sí Protein Data Bank, àká tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971. Morph á wá hun àwọn ìdúró tó wà láàárín, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Bí ẹnì kan bá fún yín ní fọ́tò ọkùnrin kan tó dúró lẹ́nu géètì, tó tún fún yín ní fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti jókòó sí pálọ̀, tó wá ní kí ẹ ya bó ṣe rìn wọlé, ẹ lè yà á kó jọ ohun tó ṣeé gbà gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò lè búra pé kò kọ́kọ́ yà sí ilé ìdáná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí bí ẹ ṣe ń ka ìyókù, torí mo ṣì ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀nà tí ChimeraX ń gbà hun ìrìn náà ń jẹ́ corkscrew. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ wá láti inú iṣẹ́ Krebs àti Gerstein ní Yunifásítì Yale, àwọn tó ṣe ibùdó morph orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2000. Sọ́fútíwíà náà á wá oríkèé mólékù, á pín in sí apá tí kò yí padà nínú ara rẹ̀, á wá máa yí apá kọ̀ọ̀kan lórí òpó kan bó ṣe ń tì í lọ lórí òpó náà. Ọ̀nà kejì wà tó ń jẹ́ linear, tó ń fa átọ́mù kọ̀ọ̀kan tààràtà láti ibi tó wà sí ibi tó ń lọ. Ẹ fi linear dán ẹ́ńsáímù kan tó ń jẹ́ adenylate kinase wò, ẹ ó rí i pé apá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LID á sún kì láàárín ọ̀nà, á tún wú padà bó bá ti ń dé ibi tó ń lọ. Nǹkan tó ń yípo kò lè gba ìlà tààrà kọjá kí ó má fún pọ̀, átọ́mù kì í sì í gbà kí a fún òun pọ̀ bẹ́ẹ̀. Corkscrew kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún apá tó bá ń yípo lódindi, òun náà sì ni ChimeraX máa ń lò bí ẹ kò bá sọ pé kó lo òmíràn.

Himoglóbìn wá ńkọ́? Òun ni mo ń kọ́ lọ́dọọdún, òun ni mo sì fi mọ ọwọ́ sọ́fútíwíà yìí. Ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ló ní: álífà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ amino ásíìdì (ègé kéékèèké tó so pọ̀ di ẹ̀wọ̀n) 141, bẹ́tà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 146. Fáìlì 2HHB ni èyí tí kò gbé ọ́síjìn. Max Perutz wà lára àwọn tó ṣe é, wọ́n sì tẹ̀wé nípa rẹ̀ ní 1984. Fáìlì 1HHO ni èyí tó gbé ọ́síjìn. Ibí ni ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́ máa ń kọ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀wọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé nínú 2HHB, ṣùgbọ́n méjì péré ló wà nínú 1HHO, álífà kan àti bẹ́tà kan. Ìdajì kejì rí bákan náà nínú kírísítálì náà, wọn kò sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àṣẹ "sym" ló ń ṣe ìdajì kejì jáde, tí "combine" á sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di mólékù kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ lẹ́tà tó wà lórí ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ̀wọ̀n tó bá wà lápá òsì nínú ti àkọ́kọ́, tó ń jẹ́ D, gbọ́dọ̀ wà lápá òsì kó sì máa jẹ́ D nínú èkejì. Bí lẹ́tà bá pàṣípààrọ̀, morph á gba ọ̀kan láàárín èkejì kọjá, ẹ ó rí okùn ribọn (bí sọ́fútíwíà ṣe ń ya ẹ̀wọ̀n) tó ń gún ribọn mìíràn láàárín ikùn. "Changechains" ló ń tún lẹ́tà ṣe.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbígbé ọ̀kan lé èkejì, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbí, torí ibí ni olùkọ́ ti ń pinnu ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa rí. Àṣẹ tó gbajúmọ̀ ni "matchmaker". Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo, èyí tó bára mu jù, ni á fi ṣe ìdíwọ̀n, gbogbo ìyókù á sì dà bíi pé wọ́n ń rìn. Bí ẹ bá fi gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ìdíwọ̀n, gbogbo rẹ̀ á mì díẹ̀ díẹ̀, kò ní sí èyí tó hàn gbangba. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń lo "align", mo máa ń di álífà kan àti bẹ́tà tó so mọ́ ọn mú ṣinṣin, àwọn méjì wọ̀nyí kò ní kúrò lójú kan. Nígbà náà ni ohun tí ìwé ń sọ á hàn sójú: álífà àti bẹ́tà yòókù á jọ yí lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan bíi dìgírì 15, bí ohun tí a gbé odindi. Ihò tó wà láàárín mólékù, láàárín bẹ́tà méjèèjì, á sì fún sí i. Inú ihò yìí ni 2,3-BPG, mólékù kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, ń gbé nígbà tí ọ́síjìn kò bá sí. Bí ihò bá ti fún, kò rí àyè mọ́. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń dá fídíò dúró níbí kí n sì ní kí wọ́n sọ fún mi ohun tí wọ́n rí, kí n tó sọ tèmi.

Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń sún mọ́ irin. Ẹ tẹ "show :hem", ẹ yí roller máòsì títí ẹ ó fi wà nínú ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo. Nínú himoglóbìn tí kò gbé ọ́síjìn, irin kì í jókòó sí àárín pẹrẹsẹ heme, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ tó gbé irin náà. Ó yọ síta díẹ̀, nǹkan bíi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá Ángstrọ́ọ̀mù, Ángstrọ́ọ̀mù kan sì jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà. Amino ásíìdì tó di irin mú, histidine, wà ní ipò 87 nínú álífà, ipò 92 nínú bẹ́tà. Bí ọ́síjìn bá ti dé, irin á wọlé sí àárín heme, á fa histidine yìí tẹ̀lé e, histidine á fa odindi òpó tó wà lórí rẹ̀ (apá ẹ̀wọ̀n tó lọ́ bíi sípíríǹgì), ibẹ̀ ni ìyípadà á ti tàn dé ibi tí ẹ̀wọ̀n ti pàdé ẹ̀wọ̀n. Perutz ló ṣàlàyé rẹ̀ báyìí ní 1970, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí òun àti John Kendrew gba ẹ̀bùn Nobel ní 1962. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti rí bí irin ṣe mì bíńtín tí ìdajì mólékù sì yí padà kò tún nílò kí n sọ fún un pé àwọn ẹ̀wọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun kan tó yẹ kí ẹ sọ fún wọn ṣáá ni pé ọ́síjìn fúnra rẹ̀ kò ní hàn nínú morph, torí átọ́mù tó bá wà nínú ìdúró méjèèjì nìkan ló ń gbé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìdánwò nìkan níbi tí mo ń gbé. Nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan tí mo bá wọ̀, ẹni tó ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ SS ń bẹ níbẹ̀, a sì ti sin lára àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Himoglóbìn AA àti SS fi amino ásíìdì kan ṣoṣo yàtọ̀ nínú ẹ̀wọ̀n bẹ́tà: ní ipò 6, valine ló wà níbi tó yẹ kí glutamic acid wà. Vernon Ingram ló fi í hàn ní 1957. Ipò 6 yìí wà ní ara ìta mólékù, yálà ọ́síjìn wà o, yálà kò sí. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ìgbà tí ọ́síjìn bá kúrò ni himoglóbìn S ń lẹ̀ mọ́ra wọn di okùn, tí okùn náà á sì tẹ sẹ́ẹ̀lì pupa kọdọrọ? Àwòrán tó dúró sójú kan kò lè dáhùn ìbéèrè yìí, ìdí tí mo fi gbé sọ́fútíwíà yìí lárugẹ sì nìyí.

Ìdáhùn náà wà lára bẹ́tà himoglóbìn mìíràn, ní ibi tí phenylalanine 85 àti leucine 88 ti ṣe kòtò kékeré tó kórìíra omi. Ìdúró tí kò sí ọ́síjìn ni kòtò yẹn ti ṣí sílẹ̀ dé ìwọ̀n tí valine 6 fi lè wọ inú rẹ̀. Bí ọ́síjìn bá ti dé, ìdúró yí padà, valine kò sì rí ibi wọ̀ mọ́. Mo máa ń kun ipò 6 ní pupa, mo máa ń kun 85 àti 88 ní yẹ́lò, màá bo ìyókù pẹ̀lú àwọ̀ eérú, màá wá jẹ́ kí morph lọ kó bọ̀. Mo máa ń sọ fún wọn ní gbangba pé himoglóbìn A ni èyí tó ń rìn lójú wọn, pé glutamic acid ló wà ní ipò 6 nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá ṣí 2HBS, himoglóbìn S tí kò gbé ọ́síjìn, tí wọ́n tẹ̀wé nípa rẹ̀ ní 1997. Inú kírísítálì yìí ni a ti rí bí valine himoglóbìn kan ṣe wọ inú kòtò èkejì. Ìrìn ni mo fi ṣáájú, ẹ̀rí ni mo fi tẹ̀ lé e. Mo ti gbìyànjú kí n yí i padà, kí ẹ̀rí ṣáájú, kò gún régé. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń wá nínú àwòrán títí ìrìn náà fi kọ́jú wọn.

Mo ti gé kúkúrú nínú rẹ̀, mo sì ń lò ó fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ìgbéyàwó ní ìjọ wa, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́nótáípù. Àṣẹ "2dlabels" ló ń kọ ọ̀rọ̀ sórí àwòrán. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀: "Ọ́síjìn ti kúrò", "Ọ́síjìn ti dé". Ìyá kan tó bá ọmọ rẹ̀ wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ánńtí, ṣé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí Táíwò mu omi dáadáa?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Bí omi bá dínkù nínú sẹ́ẹ̀lì, himoglóbìn á fún pọ̀ sí i, ọ̀kan á sì tètè bá èkejì pàdé." Ó ní kí n tún fi hàn òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n ti ń pè é fún un láti ìgbà tó ti bí ìbejì rẹ̀, kò sì sí ẹni tó tíì fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn án rí.

Fún gbígba fídíò sílẹ̀, àṣẹ mẹ́rin ni: "movie record", "coordset" tó ń yí ìdúró, "wait", àti "movie encode" tó ń ṣe fáìlì mp4. Fèrèmù 25 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, morph tó bá ní 20, iye tó máa ń ṣe bí ẹ kò bá dárúkọ, á sì ti kọjá kí ojú tó mú un. Mo máa ń kọ "frames 100", ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ní àlọ, mo sì máa ń fi "wrap true" sí i kó lè bọ̀. Fóònù gbogbo ni mp4 rẹ̀ ń ṣí lórí, WhatsApp sì ń gbé e.

Mo fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin ẹnu géètì. Morph kì í ṣe ìṣirò agbára. Kò mọ̀ bóyá átọ́mù méjì kọlu ara wọn lójú ọ̀nà, kò mọ ìgbésẹ̀ tó kọ́kọ́ wáyé, kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan ni òótọ́ tí ẹnì kan wọ̀n. Àárín jẹ́ àbá. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí fídíò morph lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé kalẹ̀ bí ẹni pé kámẹ́rà ló yà á, tí kò sí ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ṣe ChimeraX kọ́ ló jẹ̀bi, ṣùgbọ́n wọ́n lè ràn wá lọ́wọ́. Ó wù mí kí wọ́n fi àmì kékeré kan sí igun àwòrán fún ìdúró tó jẹ́ àbá, tí ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ á lè yọ. Títí wọ́n á fi ṣe é, èmi fi "2dlabels" kọ ọ́ sórí gbogbo fídíò mi pé àárín jẹ́ àbá. Ẹni tó bá fẹ́ kí mólékù rìn lábẹ́ òfin agbára gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò molecular dynamics, iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún kọ̀ǹpútà, VMD ti Yunifásítì Illinois ni mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo àbájáde rẹ̀. ChimeraX lè ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ náà.

Mólékù tó tóbi ju himoglóbìn lọ fíìfíì ńkọ́? Mo fi ẹ̀gún ara fáírọ́ọ̀sì kòrónà dán an wò: 6VXX ni èyí tó pa dé, 6VYB ni èyí tí ọ̀kan nínú apá mẹ́ta orí rẹ̀ gbé sókè láti wá ẹni tó máa dì mú, 2020 ni wọ́n gbé méjèèjì jáde. Ìdúró díẹ̀ ni mo dúró kí morph tó parí, ṣùgbọ́n ó parí, apá náà sì gbéra sókè bó ṣe yẹ. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ ni ìlà onítótòtó káàkiri, níbi tí máíkíróskóòpù kò ti rí amino ásíìdì tó wà níbẹ̀. ChimeraX kò fi irọ́ dí àlàfo náà, mo sì gbóríyìn fún un. Ẹ ṣàlàyé àwọn ìlà yẹn fún akẹ́kọ̀ọ́, torí wọ́n á béèrè.

PyMOL ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, òun náà sì dára fún àwòrán tó dúró. Morph wà nínú èyí tí à ń sanwó fún, kò sí nínú èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Molecular Nodes nínú Blender ń ṣe fídíò tó rẹwà ju ti ChimeraX lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ Blender tẹ́lẹ̀ ni mo máa júwe rẹ̀ fún.

Àléébù ChimeraX kò pọ̀, síbẹ̀ ó wà. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé ìtọ́nisọ́nà, Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì ni. Ojú ìwé morph fúnra rẹ̀ kò sọ fún ẹni tuntun pé kó yẹ lẹ́tà ẹ̀wọ̀n wò lọ́nà tó máa yé e. Fáìlì iṣẹ́ tí ẹ̀dà tuntun bá tọ́jú lè kọ̀ láti ṣí nínú ẹ̀dà àtijọ́, torí náà kí gbogbo kíláàsì gba ẹ̀dà kan náà, tàbí kí ẹ máa fi .cxc ránṣẹ́ bíi tèmi. Ribọn máa ń bàjẹ́ díẹ̀ láàárín ìrìn, òpó kan á di okùn lásán fún fèrèmù mélòó kan, á tún di òpó padà. Ẹ sọ fún wọn pé ojú ló ń tàn wọ́n níbẹ̀. Fáìlì tí à ń gbà sórí kọ̀ǹpútà tóbi, ẹ má fi dátà fóònù gbà á bí ẹ bá lè rí wáífáì.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú himoglóbìn. Ẹ lọ sórí adenylate kinase ti bakitéríà E. coli, amino ásíìdì 214 péré, 4AKE ni èyí tó la ẹnu, 1AKE ni èyí tó pa dé mọ́ ohun tó gbé mì. Ẹ̀wọ̀n méjì-méjì ló wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ B kúrò nínú méjèèjì. Àṣẹ tí ẹ máa tẹ̀ nìyí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì:

open 4ake
open 1ake
delete #1,2/B
matchmaker #2 to #1
morph #1,2 frames 100 wrap true

Ọ̀pá kan á jáde nísàlẹ̀ síkírìnì. Ẹ fi máòsì fà á lọ sọ́tùn-ún díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo LID bó ṣe ń bò wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún morph náà ṣe, kí ẹ fi "method linear" sí òpin rẹ̀, kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí LID kan náà ní fèrèmù àádọ́ta.